Àlàájì Rò Pé Ọkọ̀ Náà Yóò Dúró

Ìgbà tí eegun mi ṣì le, tí mo lè fẹsẹ̀ rìn láti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀ láì sinmi, ọkọ̀ ò pọ̀ nílùú Ìbàdàn yìí. Ẹ gbọ́ o, mi ò ní kò sí. Ó wà. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá ń bọ̀, wàá ti gbọ́ ìró ẹ̀ lókèèrè, wàá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wàá tún dúró wo ẹni tó ń wà á. Ring Road tí ẹ mọ̀ yẹn, tí ọkọ̀ ń so mọ́ra wọn láti àárọ̀ dalẹ́… igbó ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Bàbá yín àgbà á fi mí jókòó síwájú Pijó wọn, a ó sì máa lọ, àwa nìkan, bí ẹni pé torí tiwa ni wọ́n ṣe la títì náà.

Tọ́pẹ́, ṣé fóònù ẹ ń gbọ́ mi? Sún un mọ́ mi. Ohùn mi ò lágbára mọ́.

Kí bàbá ẹ náà jókòó. Dọ̀tun, jókòó. Mo mọ̀ pé Tọ́pẹ́ ló ní kí n sọ ìtàn, ṣùgbọ́n ìwọ ni mo fẹ́ kó gbọ́ ọ jù. Ìwọ tó o wakọ̀ láti Olúyọ̀lé dé ìhín láàárọ̀ yìí, tó o wọlé tí ojú ẹ ń pa dé. Mo ní kí ló ṣe ọ́, o ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Oògùn tó ń mú èèyàn tòògbé, òun lo lò tán tó o wá jókòó sídìí ọkọ̀? O ti lé lọ́gọ́ta ọdún, Dọ̀tun. Irun ẹ ti funfun ju tèmi lọ. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Bàbá yín àgbà, ìsípẹ́tọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa lọ láti ilé-ẹ̀kọ́ kan dé òmíràn, kí wọ́n wo bí tíṣà ṣe ń kọ́ ọmọ. Gbogbo Òkè-Ògùn ni wọ́n fi ọkọ̀ tẹ̀. Ìsẹ́yìn, Òkèhò, Ṣakí tí í ṣe ìlú wa, dé àwọn abúlé tó jẹ́ pé ewúrẹ́ gan-an á rò ó kó tó gba ọ̀nà wọn. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ á mu táyà dé ìdajì. Wọn ò ní dírẹ́bà. Àwọn fúnra wọn ni. Wọn ò sì fi ọkọ̀ gbá adìyẹ rí. Wọ́n máa ń sọ ọ́, wọ́n á ní, "Ìyá Dọ̀tun, adìyẹ kan ò lè pè mí lẹ́jọ́ láyé yìí." A ó rẹ́rìn-ín.

Ṣé ẹ rí i pé nǹkan iyì ni? Lóde òní, ta ni kì í wakọ̀? Ọmọ tí kò tíì lè fọ aṣọ ara ẹ̀ ń wakọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ọkùnrin tó bá mọ ọkọ̀ wà, ó ti di ara orúkọ ẹ̀ nìyẹn. Mo ń sọ eléyìí kí ẹ má bàa rò pé alágídí lásán ni bàbá yín. Rárá o. Ohun tí èèyàn bá fi gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ ṣe láì kùnà, ó ṣòro kó gbà pé ó ti ń bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó ṣòro…

Wọ́n ní ọ̀rẹ́ kan, Àlàájì Làmídì. Tọ́pẹ́, ìwọ ò lè rántí wọn, o kéré. Ọmọ Ṣakí ni àwọn náà, pákó ni wọ́n ń tà ní ọjà Bódìjà. Láti kékeré ni àwọn méjèèjì ti jọ ń rìn. Ilé-ẹ̀kọ́ Onítẹ̀bọmi kan náà ni wọ́n lọ. Tó bá di àkókò àdúrà, Àlàájì á lọ kí ìrun wọn, bàbá yín á dúró dè wọ́n lábẹ́ igi. Nígbà tí à ń kọ́ ilé yìí, Àlàájì ló bá wa yan pákó òrùlé. Ẹ gbójú sókè. Pákó wọn ló wà lórí yín yẹn. Kò tíì yẹ̀ títí di òní.

Ilé wọn sí tiwa, tí mo bá gbóhùn sókè, wọ́n á dáhùn. Ìyàwó wọn, Àlàájà, bí ọmọ ìyá la ṣe ń ṣe. Tó bá di Iléyá, itan àgbò á wọlé wá. Tó bá di Kérésì, ìrẹsì tèmi á jáde lọ. Bí ayé ṣe rí nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń bi wá pé Mùsùlùmí ni yín tàbí Onígbàgbọ́. Ta ló ráàyè?

Àlàájì ló kọ́kọ́ fi ọkọ̀ sílẹ̀. Orúnkún ń dùn wọ́n. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan àwọn fẹ́ tẹ ìjánu, ẹsẹ̀ ò tètè gbéra. Wọn ò lu ẹnikẹ́ni o. Ẹsẹ̀ kàn pẹ́ díẹ̀ ni. Wọ́n délé, wọ́n pe Múfútàù àkọ́bí wọn, wọ́n ní, "Gba ọkọ̀ yìí. Mo ti ṣe tán." Ó parí. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn káàkiri Bódìjà, tàwọn ti ọ̀pá. Wọ́n á ní ìrìn náà ń ṣe orúnkún àwọn lóore.

Bàbá yín fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí. "Làmídì, o ti darúgbó!"

Àlàájì á ní, "Mo ti darúgbó. Ìwọ ńkọ́, Ìsípẹ́tọ̀? Ṣé wọ́n ń bí ọ lọ́dọọdún ni?"

Géètì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní tiwa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀dà ọkọ̀ lára irin géètì, lápá ọ̀tún. Mo ní, "Bàbá Dọ̀tun, ẹ fi ọkọ̀ ha géètì." Wọ́n ní èmi ni mi ò ṣí i tán. Ó dáa. Kò pẹ́, dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ fọ́, apá ọ̀tún náà ni. Wọ́n ní ọlọ́kadà ni. Ó dáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń kọlu nǹkan nínú ilé. Ẹsẹ̀ àga. Etí ilẹ̀kùn. Màá gbé ife omi kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n á gbá a dànù, wọ́n á ní, "Ta ló gbé ife síbí?" Ẹ gbọ́, ara ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ara kì í purọ́. Àwa la máa ń bá a jiyàn.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń gbé mi lọ sí Challenge, a fẹ́ lọ kí ẹni tó bímọ. Ibi oríta yẹn, kẹ̀kẹ́ Màrúwà kan ń bọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún wa. Gbangba ni! Kì í ṣe pé ó sá pamọ́. Bàbá yín kàn ń lọ tiwọn ni. Ọkùnrin tó wa kẹ̀kẹ́ náà tẹ ìjánu débi pé kẹ̀kẹ́ fẹ́ dojú dé. Ó bọ́ sílẹ̀, ó wá sójú fèrèsé wa. Mo ní ó ti tán, yóò bú wọn. Kò bú wọn. Ó kàn wò wọ́n lójú, ó ní, "Bàbá, ẹ ò rí mi ni?"

Bàbá yín ní, "Níbo lo ti yọ?"

Ó ní, "Mi ò yọ láti ibì kankan, sà. Mo ti wà níbẹ̀ tipẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù ju èébú lọ. Bí a ṣe délé ni mo pe Dọ̀tun.

O rántí, Dọ̀tun? Ìwọ lo gbé wọn lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ojú. Ọmọdébìnrin kan ni dókítà ọ̀hún, ṣùgbọ́n ó mọ àgbà bọ̀wọ̀ fún. Ó jókòó níwájú wọn, ó ní, "Bàbá, ẹ máa wo imú mi. Ẹ má wo ibòmíràn." Ó wá na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń mi ìka. Èmi tí mo jókòó lẹ́yìn, mo ń rí i. Ó ní, "Ìka mélòó ni mo nà?"

Bàbá yín ní, "Ìka wo?"

Ó gbé ọwọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. "Èyí ńkọ́?" Wọ́n yí orí láti wá a.

Dókítà wá fà sẹ́yìn, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, "Bàbá, gùlókómà ni. Olè ni àìsàn yìí. Kì í gba iwájú wọlé, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà. Ẹ ó máa rí ọ̀kánkán, ẹ ó sì rò pé ojú yín pé. Èyí tó ti lọ ò lè padà mọ́. Oògùn tí mo fẹ́ fún yín, kí ìyókù má bàa lọ ni. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ má wakọ̀ mọ́."

Bàbá yín ní, "Dókítà, ṣé iwájú kọ́ lèèyàn ń wò tó bá ń wakọ̀ ni?"

Ó ní, "Iwájú ni ọkọ̀ ń lọ, bàbá. Ẹ̀gbẹ́ ni èèyàn ti ń bọ́ sójú ọ̀nà."

Bí ọmọ yẹn ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mi ò gbàgbé.

A délé, ìjà bẹ̀rẹ̀. Dọ̀tun dọ̀bálẹ̀ gbalaja síbí yìí, níwájú àga yìí, ó ní, "Bàbá mi, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀." Wọ́n ní, "Ṣé mo ti kú tó o fẹ́ pín ogún mi?" Wọ́n pariwo ni. Ọkùnrin tí kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Dọ̀tun dìde, ó bọ́ síta. Ọmọ wo ló gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu bàbá ẹ̀ tí yóò tún sọ̀rọ̀?

Mo ránṣẹ́ sí Àlàájì. Wọ́n wá. Wọ́n jókòó, wọ́n fi ọ̀pá wọn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní, "Ìsípẹ́tọ̀, ẹni tó ń gba ojú ihò kọ́kọ́rọ́ wo ìta, ṣé ó lè sọ pé òun rí àdúgbò?"

Bàbá yín ní, "Bódìjà ni mo ń gbé láti ìgbà tí kò tíì sí ọ̀dà lójú títì. Tí mo bá dijú, mo mọ̀ ọ́n."

"O mọ ilé tó wà níbẹ̀. O mọ igi. Ṣé o mọ ẹni tó ń kọjá ni?"

Wọ́n fà á títí. Nígbẹ̀yìn, bàbá yín ní àwọn gbọ́. Wọ́n ní àwọn ò ní wakọ̀ lálẹ́ mọ́. Àwọn ò ní wakọ̀ nínú òjò. Dùgbẹ̀, rárá. Ìwó Road, rárá. Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan, àti ilé oògùn, nínú Bódìjà níbí. Èmi yóò sì máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí n máa bá wọn wo ọ̀tún. Gbogbo wa mí kanlẹ̀. Ó jọ ọgbọ́n, àbí kò jọ ọ́? Àlàájì nìkan ni kò mí kanlẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n mú ọ̀pá wọn. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ṣé kò séèyàn ní Bódìjà ni?"

Wọ́n lọ ilé wọn.

Ẹ fún mi lómi díẹ̀.

…Ọjọ́ Sátidé ni. Àárọ̀. Oòrùn ti là, ó ń wọ ojú ọkọ̀ wá tààrà. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú ló tán, a sì fẹ́ lọ ra òmíràn. Mo ní, "Bàbá Dọ̀tun, ẹ jẹ́ ká dá kẹ̀kẹ́ dúró." Wọ́n ní, "Ibi tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé?" Mo ní tí ẹ bá lè fẹsẹ̀ rìn ín, ẹ jẹ́ ká rìn ín. Wọ́n ti ṣíná sí ọkọ̀.

Wọn ò sáré. Kí ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Àwọn èèyàn máa ń rò pé eré àsápajúdé nìkan ló ń pààyàn. Wọn ò sáré rárá. Ọmọ kéékèèké lè bá ọkọ̀ náà rìn.

Àlàájì ń bọ̀ láti àdúgbò kejì, wọ́n lọ kí ẹnì kan tí ara ẹ̀ ò yá. Ojúlé kan wà lápá ọ̀tún, ibẹ̀ ni wọ́n ti jáde sí títì. Jalamíà funfun ló wà lọ́rùn wọn. Wọ́n rí ọkọ̀ wa. Wọ́n gbé ọ̀pá sókè, wọ́n fi ń kí wa. Ẹ mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí a bá ti pàdé wọn lọ́nà ni bàbá yín máa ń dúró. Kò sí ọjọ́ tí kì í rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á dúró, wọ́n á ní, "Arúgbó, wọlé," Àlàájì á wọlé, wọ́n á jọ máa bú ara wọn lọ. Torí náà, Àlàájì rò pé ọkọ̀ náà yóò dúró. Wọ́n bọ́ sílẹ̀ létí gọ́tà, wọ́n ń bọ̀ sọ́dọ̀ wa. Wọn ò tilẹ̀ yára. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo rí eyín wọn.

Mo ké. "Ẹ dúró! Bàbá Dọ̀tun, ẹ dúró!"

Ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n bi mí. Kí wọ́n tó tẹ ìjánu, wọ́n kọ́kọ́ bi mí. Wọ́n ní, "Kí ló dé?" Torí pé lójú tiwọn, ọ̀nà mọ́. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Ìró ẹ̀ ò tilẹ̀ pọ̀… Mo rò pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ á dún gan-an. Bí ìgbà tí èèyàn ju àpò àgbàdo sílẹ̀ ni.

Bàbá yín bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń sọ pé, "Ta ni? Ta ni?" Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n tẹríba, kí ojú wọn tó lè mú ẹni tó wà nílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n rí i… Mi ò lè ṣe ohùn yẹn fún yín. Ẹ má ní kí n ṣe é.

Àwọn ọ̀dọ́ ti yí wa ká. Ṣé ẹ mọ bí Ìbàdàn ṣe rí? Wọn ò dúró gbọ́ àlàyé. Ọ̀kan ti di bàbá yín lọ́rùn aṣọ mú. Ó ní, "Arúgbó yìí, ta ló ní kó o jáde nílé?" Àlàájì ló sọ̀rọ̀ látilẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn ti yí sódì, ẹ̀jẹ̀ ti wà lára jalamíà, àmọ́ wọ́n sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni." Ọwọ́ yẹn jábọ́ lọ́rùn bàbá yín. Ọlọ́kọ̀ kan ló bá wa gbé Àlàájì dé ilé ìwòsàn. Ọkọ̀ tiwa, ojú títì la fi sí, ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Eegun ìbàdí ló ṣẹ́. Ọmọdé tí eegun ẹ̀ bá ṣẹ́, yóò so. Ti arúgbó ńkọ́? Arúgbó tí wọ́n bá ti tẹ́ sórí ibùsùn, nǹkan mìíràn ló máa ń dé. Ẹ̀yìn á dégbò. Ikọ́ á wọlé. Ẹran ara á máa gbẹ. A ń lọ wò wọ́n, èmi àti bàbá yín, kẹ̀kẹ́ la máa ń wọ̀. Lójoojúmọ́ ni. Bàbá yín á jókòó lẹ́sẹ̀ ibùsùn.

Ó di ọjọ́ kan, Àlàájì ní kí gbogbo èèyàn bọ́ síta, kí ó ku èmi àti bàbá yín. Wọ́n ní, "Ìsípẹ́tọ̀. Fi Ọlọ́run pè é. Ṣé o rí mi?"

Bàbá yín ní, "Làmídì, mi ò rí ọ."

"Mo gbé ọ̀pá sókè."

"Mi ò rí ọ̀pá."

"Aṣọ funfun ló wà lọ́rùn mi."

"Mi ò rí funfun, mi ò rí dúdú. Títì nìkan ni mo rí."

Àlàájì mí. Wọ́n ní, "Mo gbà ọ́ gbọ́. Mo ti forí jì ọ́, mo sì ti sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé mi ò bá ọ ṣẹjọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí. Mo sọ fún ọ. Nínú pálọ̀ ẹ, mo sọ fún ọ."

Bàbá yín dojú kọ ògiri. Ọ̀rọ̀ àforíjì yẹn, mo rò pé yóò tù wọ́n lára. Kò tù wọ́n. Ó dà bí ẹni pé wọ́n gbé ẹrù lé wọn lórí, wọ́n wá so ó mọ́ wọn lórí.

Àlàájì ò bọ́ nínú ẹ̀. Wọ́n kú. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sin wọ́n, bí ẹ̀sìn wọn ṣe wí. A lọ. Báwo la ṣe fẹ́ ṣe tí a ò ní lọ? Bàbá yín wọ dàńṣíkí, wọ́n fẹ́ bá wọn gbé òkú ọ̀rẹ́ wọn. Múfútàù bọ́ síwájú wọn. Ọmọ tó jẹ́ pé bàbá yín ló kọ́ ọ ní A, B, D lórí itan wọn. Kò bú wọn. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró lẹ́yìn." Bàbá yín lọ dúró lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn nìkan. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí wọ́n fi gbé òkú kọjá. Mi ò sì mọ̀ bóyá wọ́n rí i.

Àlàájà ò pariwo mọ́ mi. Kò sọ̀rọ̀ burúkú kankan. Mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, ó ní, "Dìde, Ìyá Dọ̀tun, ilẹ̀ tutù." Ìyẹn nìkan. Iléyá tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹran. Ẹran kọ́ ni mò ń wá, ẹran wà lọ́jà. Kérésì dé, mo bu ìrẹsì ránṣẹ́. Ó gbà á. Ó fọ abọ́ náà, ó fi ránṣẹ́ padà, kò sí nǹkan nínú ẹ̀, kò sí "ẹ ṣé" lórí ẹ̀. Ṣé mo lè bínú sí i? Kí ni mo fẹ́ fi bínú?

Dọ̀tun wá gbé ọkọ̀ náà lọ. Bàbá yín ò bi í pé níbo lò ń gbé e lọ. Láti ọjọ́ náà, tí a bá jáde, wọn ò lè dá sọdá títì mọ́. Títì kékeré iwájú ilé yìí! Wọ́n á dúró, wọ́n á di ọwọ́ mi mú. "Ṣé ẹnikẹ́ni ń bọ̀?" Màá ní kò sí. "Wò ó dáadáa, Ìyá Dọ̀tun." Màá tún wò ó. A lè dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹsẹ̀ á fi máa ro mí. Wọ́n kọ̀ láti máa kán oògùn ojú. Mo bẹ̀ wọ́n, mo sunkún. Wọ́n ní, "Kí ni mo tún fẹ́ rí?" Ojú náà sì pa dé tán, bí dókítà ṣe wí. Wọ́n jókòó nínú òkùnkùn yẹn títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ọjọ́ tí wọ́n kú, Àlàájà wá. Ó ti pẹ́ tó ti wọ ilé yìí kẹ́yìn. Ó jókòó tì mí lórí ẹní títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó ní, "Àwọn méjèèjì ti lọ bá ara wọn. Ó ku èmi àti ìwọ." Mi ò mọ̀ bóyá ìlàjà nìyẹn. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, Dọ̀tun. Mi ò ní kó o máa bẹ̀rù ọkọ̀. Mo ní kó o gbọ́ ohun tí ara ń sọ. Tí o bá rí ibi tó ha lára ọkọ̀ tí o ò mọ bó ṣe débẹ̀, má wá ẹni tí wàá dá a lẹ́bi. Lọ wo ojú ẹ. Tí ọrùn ò bá yí dé ẹ̀yìn mọ́, tí o ò lè bojú wẹ̀yìn kí o tó yà, gbà bẹ́ẹ̀. Oògùn tó ń mú ẹ tòògbé, bi dókítà léèrè bóyá èèyàn lè lò ó kó wakọ̀. Má bi ọ̀rẹ́, má bi ara ẹ. Tí ọmọ ẹ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ bá ń di àga mú, tí kò lè mí, bi í pé kí ló rí. Kó o sì dákẹ́ kó o gbọ́ ọ. Má fi "mo ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí ẹ" dá a lóhùn. Òótọ́ ni pé o ti ń wà á. Ṣùgbọ́n ojú ẹ náà ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí i.

Má sì fi àdéhùn kékeré tan ara ẹ jẹ. Ìtòsí nìkan, ọ̀sán nìkan… Ìtòsí ni ojúlùmọ̀ wà.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo mọ̀. Ní ayé tiwa, arúgbó kì í wá ẹni tí yóò gbé òun. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wà nílé, ọmọ àbúrò wà, ayálégbé gan-an á gbé ọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á tún dúró dè ọ́. Títì náà ní sùúrù. Báyìí, ọlọ́kadà ò ní sùúrù, onítirélà ò ní sùúrù, kòtò ti gba ìdajì ọ̀nà. Àwọn ọmọ ti lọ Kánádà. Arúgbó méjì ló ń dá gbé ilé ńlá, oògùn tán, gáàsì tán, ta ni wọn yóò rán? Ìdí tí ẹ fi ń rí orí funfun nídìí ọkọ̀ káàkiri Bódìjà nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe fáàrí.

Tọ́pẹ́, ìwọ ni mo wá ń bá wí báyìí. O ti mọ ọkọ̀ wà. Tó o bá fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá ẹ, má gbà á kó o lọ. Gbà á, kó o sì máa wá gbé wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ, kì í ṣe ọjọ́ tó bá wù ẹ́. Torí ẹni tí wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì padà wá gbé, ààyè ni wọ́n sin ín sílé.